Agogo Kẹta lórí Òfin Íìfù

Kóńgó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Àgbọ́yó, t'onílé t'àlejò, ẹ̀yin tí ẹ wà lójúde, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́rí bíi pé ẹ kò sí nílé! Aboyún, ẹ rọra jókòó. Arúgbó, ẹ gbé ọwọ́ sẹ́tí. Ẹni tí ó bá ń jẹun, kí ó dá òkèlè dúró lọ́nà ọ̀fun. Ọba ló ní kí wọ́n kí yín, Alágbọ́yó ti Àgbọ́yó, ikú bàbá yèyé, ọba tí ó sín lẹ́ẹ̀kan tí igi àràbà mẹ́ta fi wó ní ìlú kejì!

Ẹni tí ó ń ké e ni Ṣàngódèyí, akéde ọmọ akéde, ọkùnrin tí ó kígbe lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn tí ẹyin fi pa lábẹ́ adìẹ láìtọ́jọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú yín yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Àgbọ́yó, akéde kì í sọ pé "èmi" nígbà tí agogo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ọba ló yá, a kì í sì í fi ẹnu ọba sọ tara ẹni. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí Ṣàngódèyí lónìí, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí ni yóò ṣe sọ ọ́. Ohun tó sì ń bọ̀ lórí rẹ̀ kò kéré. Bí agogo yìí bá dún lẹ́ẹ̀kẹta, Ṣàngódèyí di ẹni tí ó sọdá odò Ẹlẹ́gùn-ún. Kò ní padà mọ́ títí ọba yóò fi wàjà. Kí ọba ó sì pẹ́ o! Ẹ ò rí i pé àdúrà yẹn le láti ṣe àmín sí?

Agogo àkọ́kọ́ ni ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ẹ súnmọ́ ibí. Àwọn tó ti gbọ́ ọ lè máa họ ara wọn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn òyìnbó dúdú láti ọ́fíìsì ìjọba wọ mọ́tò wá sí ààfin. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń bi ìgbìmọ̀ ní ìbéèrè, "Yẹ́ẹ̀sì, sà" sì ni ìgbìmọ̀ fi ń dáhùn. Ṣé ẹ fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí? Yẹ́ẹ̀sì, sà. Ṣé ẹ ní ilẹ̀? Yẹ́ẹ̀sì, sà. Ṣé kí á kúkú gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn? Yẹ́ẹ̀sì, sà! Olóyè Ọ̀tún tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bí àwọn ọmọ Àgbọ́yó sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn lónìí, tí àwọn ọmọ náà sì ń fi ohùn ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn sunkún.

Alágbọ́yó bínú. Ó ní ẹni tí irùngbọ̀n bá ti hù ní àgbọ̀n rẹ̀, àti obìnrin tó bá ti lè ná ọjà, dandan ni kí ó kọ́ èdè òyìnbó. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mísísì Olúgbódi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́, tó fara ti ògiri ààfin, ni wọ́n sọ di kíláàsì. Títí dòní ni inú rẹ̀ ń rùn kòkó. Bí ènìyàn bá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tán, tíì gbígbóná ni yóò máa wù ú mu.

Ibẹ̀ ni Íìfù gbà wọ ìlú.

Ẹ má sá. Íìfù kì í ṣe àrùn. Òun ni "bí" tiwa lẹ́nu òyìnbó: bí òjò bá rọ̀, bí mo bá lówó. Àmọ́ ọmọ jẹ́jẹ́ ni "bí" tiwa, ilé gbogbo ló ti ń jẹun. Íìfù òyìnbó ní ìdílé mẹ́ta, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní aṣọ tó ń wọ̀. Bí o bá gbé aṣọ ìdílé kan wọ èkejì, Mísísì Olúgbódi á wò ọ́, wò ọ́, títí o fi máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá rẹ dá. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Alágbọ́yó ṣe ṣòfin. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jáde lọ́jà tó kọjá, agogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti lù wọ́n jinná, wọ́n ti ń mú èèyàn. Ìkarùn-ún nìkan ló tutù lónìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan má baà sọ pé òun ò gbọ́, Ṣàngódèyí yóò tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ń lé e. Ọjọ́ ṣì gùn.

Òfin kìn-ín-ní! Íìfù tó lè ṣẹ. Ohun tó bá ṣeé ṣe, tí ojú ọ̀run ti ń ṣú nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tòní ni kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Íìfù, kí "will" máa bọ̀ lẹ́yìn. "If it rains, the roof will leak." Ẹ kò gbọdọ̀ gbé "will" ka òjò lórí. Òjò kì í gba ìlérí. Òrùlé Baálẹ̀ Òkè-Àfàrà ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rú òfin yìí, fọ́ọ̀kì ni yóò máa fi mu omi títí òùngbẹ fúnra rẹ̀ yóò fi bá a bẹ̀bẹ̀!

Òfin kejì! Íìfù àlá. Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí kò sì jọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ láéláé, aṣọ àná ni yóò wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òní là ń wí. "If I had a car, I would drive it to the farm." Aṣọ àná lọ́rùn ọ̀rọ̀ òní! Ọ̀tún béèrè ìdí rẹ̀. Mísísì Olúgbódi dá a lóhùn pé ohun tí ọwọ́ òyìnbó kò bá tó, ṣe ni wọ́n máa ń tì í sẹ́yìn díẹ̀, kó má baà máa wò wọ́n lójú. Ẹ tún gbọ́: àna ni "would" jẹ́ sí Íìfù. Ìta ni àna ń jókòó, lódìkejì kọmá. Kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá Íìfù. Kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá Íìfù! Ẹni tí a bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé "If I would", ìyẹ́ adìẹ kan ni yóò fi gbá Òkè-Àfàrà títí òkè yóò fi di àfonífojì. Télọ̀ Bámgbàlà ti wà níbẹ̀ láti ọjà tó kọjá. Òkè náà ti ń kúrú.

Òfin kẹta! Íìfù àbámọ̀, ti ohun tó ti bọ́ sọ́wọ́ ìgbà. "Had" ni yóò wà níwájú, "would have" ni yóò máa sunkún tẹ̀ lé e. "If I had known, I would not have married him." Ìyá Elépo ló sọ èyí ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ pé pérépéré. Kábíyèsí kan sáárá sí i. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ lo Íìfù yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjà kan sí èkejì, torí àbámọ̀ tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jinná. Ẹni tó bá ṣì í lò, kí ó padà sí ọjọ́ tí nǹkan náà bàjẹ́ gan-an, kí ó lọ tún un ṣe. Kò sì gbọdọ̀ wọlé láìmú ẹlẹ́rìí dání!

Òfin kẹrin. Ẹ fetí sí ìkẹrin dáadáa, Ọ̀tún fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu nígboro pé "If I were" ẹlòmíràn, lójú ẹsẹ̀ ni yóò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn náà fún odidi ọjọ́ kan, tòun ti irinṣẹ́ rẹ̀, tòun ti wàhálà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ béèrè bóyá kí wọ́n yọ àwọn ìjòyè sílẹ̀. Ọ̀tún ní rárá, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Adémọ́ògùn ọdẹ ló kọ́kọ́ kó sí i. Ó ní "If I were a fish." Ó wà nínú odò. Ọjọ́ kan rẹ̀ ti pé, ó kọ̀, kò jáde. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ó ti ń sanra, àmọ́ kì í fẹ́ kí àwọn gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ àwọ̀n.

Kóńgó!

Agogo kejì nìyẹn. Ọwọ́ Ṣàngódèyí ló yọ̀. Òógùn ni.

Ó kan òfin karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí á rọra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Mísísì Olúgbódi kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: "If I were king, I would build a bridge." Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá sọ nínú kíláàsì, àpẹẹrẹ ni; èyí tó bá jáde síta ni òfin ń mú. Ó ní kí kálukú fi tirẹ̀ parí rẹ̀. Ìyá Elépo ní òun á fòfin de ìyá ọkọ. Baálẹ̀ Òkè-Àfàrà ní òun á kó gbogbo páànù ààfin sórí ilé òun. Ẹ̀rín gba kíláàsì. Ó wá kan Ṣàngódèyí. Ọkùnrin tí kì í dúró de àkùkọ, tó jẹ́ òun gan-an ló ń lọ jí àkùkọ, kí ló tún fẹ́ nílé ayé? Ó dìde. Ó fa èémí. Ó gbàgbé pé abẹ́ òrùlé ni òun wà.

"If I were king, I would sleep till noon."

Èso kòkó tó ti há sí àjà láti ayé bàbá wọn já bọ́. Ajá gbó ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Ohùn àwọn yòókù dúró sínú kíláàsì bí ọmọlúàbí. Ohùn Ṣàngódèyí fo fèrèsé, ó gun ògiri, ó wọ òkè ààfin lọ bá Alágbọ́yó lórí àga.

Nípa òfin kẹrin, ọba ni Ṣàngódèyí ì bá jẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ọ̀tún rí ihò náà, ó sáré wá ohun tí yóò fi dí i. Ó sọ fún Kábíyèsí pé ohun tó ti kọjá ni wọ́n ń fi "were" sọ, pé ohun tí akéde ń wí ni pé òun ti jọba rí, òun ti sùn tó, òun sì ti gbé e sílẹ̀. Mísísì Olúgbódi lọ sí ààfin lọ ṣàlàyé. Ó ní àlá lásán ni, aṣọ àná lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀tún ní èdè òyìnbó kọ́ ni bàbá òun fi joyè, àṣà Àgbọ́yó sì dájú: ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sípò ọba lójú ayé ọba, odò ló kàn. Kábíyèsí kò bá wọn jà. Ohun kan péré ló béèrè. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni akéde rò pé ọba ń sùn?

Ọ̀tún sọ ìbéèrè náà di ẹ̀bi.

Nítorí náà, òfin karùn-ún! Ẹni tí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta pé "If I were king" yóò sọdá odò Ẹlẹ́gùn-ún. Ohùn kan ṣoṣo ni a gbọ́. Ohùn Ṣàngódèyí ni. Ta ni yóò ké e fáyé gbọ́? Akéde kan ṣoṣo ni Àgbọ́yó ní. Òun náà rèé.

Ẹ ṣáà mọ àṣà wa. Ìkéde kì í jinná kí agogo kẹta tó dún. Ọba pàápàá, tó jókòó síwájú ààfin níbí yìí, kò gbọdọ̀ dìde lórí àga kí ó tó dún. A kì í dá akéde lẹ́kun, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ọwọ́ ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìkéde bá sì kan agogo kí kẹta tó dún, ìkéde náà bàjẹ́, bí ọbẹ̀ tí aláǹgbá já sí ni. Dídà ló kù. Láyé bàbá Ṣàngódèyí, ewúrẹ́ kan fi ìwo kan agogo nígbà tí wọ́n ń ké owó-orí ọlọ. Owó-orí ọlọ ṣubú níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ewúrẹ́ yẹn ni ẹ fi ń lọ ata lọ́fẹ̀ẹ́ títí dòní. Ọ̀tún kò gbàgbé. Láti òwúrọ̀ ló ti ní kí wọ́n so gbogbo ewúrẹ́ ìlú mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Ó wù wọ́n kí wọ́n wá ṣèrànwọ́.

Nítorí náà, Ṣàngódèyí ní ìkíni díẹ̀ láti kí.

Ó kí Baálẹ̀ Òkè-Àfàrà, ó kí òrùlé rẹ̀. Ó kí Télọ̀ Bámgbàlà lókè tó wà, kí ìyẹ́ náà ó má gbó. Ó kí ẹja tí ń jẹ́ Adémọ́ògùn. Ó kí àwọn ìbejì ilé Ìyá Elépo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé kọmá fún àwọn tí kò rí i rí: ó dàbí ìrù kòkòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn, àmọ́ òun ló ń lé àna sẹ́yìn. Ó tún òfin kìn-ín-ní kà fún ọkùnrin kan lẹ́yìn tó gbé ọwọ́ sókè. Ọkùnrin náà ní imú òun lòun fẹ́ họ.

Ẹ wò ó. Àyìnkẹ́ ló ń bọ̀ yẹn, ìyàwó Ṣàngódèyí, ẹrù lórí. Ẹrù náà mà ga o, fún ọkùnrin tó jẹ́ pé búbá méjì ló ní láyé. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, gbìì. Ó ní ọ̀fun yẹn náà ló fi wá tọrọ òun, tí gbogbo ìlú gbọ́ kí bàbá òun tó gbọ́, ọ̀fun yẹn náà ló wá lé e dé etí odò.

"Baálé mi, lu nǹkan yẹn, ká mọ ibi tí à ń lọ."

Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Ṣàngódèyí kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó ti rò ó pé ẹnì kan ní Àgbọ́yó yóò bẹ̀ ẹ́ kó má lù ú, ó sì ti rò ó pé Àyìnkẹ́ ni. Ì bá sunkún, àmọ́ ẹnu ọba kì í sunkún. Ó tún òfin kejì kà.

Oòrùn ti dé àtàrí. Ẹni tó ń di agboòrùn ọba mú ti sùn lórí ìdúró, òjìji agboòrùn ti yẹ̀ lọ sórí Ọ̀tún nìkan. Òórùn iyán Kábíyèsí ń ti inú ààfin bọ̀. Ó ti tutù báyìí, a mọ̀ ọ́n lára òórùn rẹ̀. Alágbọ́yó mí kanlẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àga bí ẹni tí tíṣà pè síwájú pátákó, ó sì sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan gbá èkejì.

"If I were you, crier, I would beat that gong and go home."

"Were" wà nílé rẹ̀. "Would" jókòó síta, lódìkejì kọmá, bí àna rere. Mísísì Olúgbódi gbàgbé ara rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo kíláàsì bá a pa á. Àtẹ́wọ́ náà wá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí òfin kẹrin ṣe ń sọ sí èèyàn lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀tún fò dìde. Ó ní ti ọba yàtọ̀, ó ní a kì í ka ọba mọ́ ènìyàn.

Ìyá Elépo bi í pé, "Ọ̀tún, ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀?"

Ọ̀tún gbójú sókè, ó ń wá òjò tí kò ṣú.

Ẹ̀yin ará Àgbọ́yó, ẹ máa wò ó pẹ̀lú akéde yín. Ọba kì í dìde kí agogo kẹta tó dún. Akéde ló lè dìde. Kábíyèsí dìde! Ó ń bọ̀. Ó na ọwọ́.

"Ṣàngódèyí, láti ọjọ́ tí mo ti gun àga yìí, mi ò tíì sùn kọjá àkùkọ. Ìwọ lo máa ń jí mi. Gbé e wá."

Ẹ̀rín kékeré kan wà ní igun ẹnu rẹ̀. Bóyá ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òyìnbó rẹ̀ ń lọ kí ó tó sọ ọ́, bóyá iyán ló ń pè é. Akéde kò gbàṣẹ láti túmọ̀ ẹ̀rín ọba. Ṣàngódèyí dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agogo sókè. Ọwọ́ ọba kàn án.

Ó ti bàjẹ́! Òfin karùn-ún ti bàjẹ́! Ẹ tú àwọn ewúrẹ́ sílẹ̀!

Kábíyèsí ti lù ú lẹ́ẹ̀kan báyìí láti dán an wò. Ó dún bí ìgbà tí adìẹ ń ṣá ìkòkò òfìfo. Kì í ṣe agogo kẹta, kì í ṣe ìkankan.

Agogo kò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo lè sọ "èmi" wàyí.

Mo tú ẹrù. Búbá mi méjèèjì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìró Àyìnkẹ́ ló kún orí wọn, àti gèlè rẹ̀, àti bàtà rẹ̀, àti ọlọ rẹ̀, odindi, tòun ti ọmọ ọlọ. Mo wo ìyàwó mi. Ó ní kí n yé wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé lódìkejì odò ni wọ́n ti máa yá wa ní ọlọ ni?

Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ o. Lọ́la, kí àkùkọ tó kọ, akéde tuntun yóò yí ìlú ká. Ẹ dá a lóhùn dáadáa, adé wà lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn mi kí oòrùn tó dé àtàrí. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ èyí, kì í ṣe ẹnu ọba. Kò sí agogo lọ́wọ́ mi. Ọlọ ló wà léjìká mi, ilé ni mo ń gbé e lọ.